Kímò àti rédíéṣọ̀n pa pọ̀ fún kókó inú ọpọlọ: ta ló ti ṣe é rí nínú wa?

Àbúrò Tíṣà, Kábà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí le, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ẹni ọdún 46, tíṣà. Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ní wàhálà iṣẹ́ ni, ó ń lo Panadol. Nígbà tó yá, gìrì mú un lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ya MRI, wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ, lápá iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ibi tí ọwọ́ wọn tó. Èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé jáde ti dé: glioblastoma, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan, ìpele kẹrin.

Dókítà ní kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, àti rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tàn sí kókó, ni òun fẹ́ ṣe pa pọ̀, nígbà kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kímò nìkan á máa lọ fún oṣù mélòó kan. Ibẹ̀ ni ilé ti dàrú. Bàbá wa kékeré ní ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ la orí rẹ̀, kí ló dé tí a fẹ́ gbé ìyà méjì lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wọ́n ní kí wọ́n ṣe rédíéṣọ̀n tán, kó sinmi, kó jẹun, ká tó dárúkọ kímò. Ìyá wa ní ká gbé e wálé. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fi nǹkan kan pamọ́ fún òun.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń ṣe méjèèjì pọ̀? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ sọ bó ṣe rí. Níbo lẹ ti ṣe é, níbo lẹ dé sí, báwo lẹ ṣe rí owó rẹ̀?

Olóko Kajú, Ìyàrá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó mi ṣe é, irú kókó yẹn gan-an. Àbújá la ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, pọ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Kímò yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára. Kápúsù ni, temozolomide lorúkọ rẹ̀, ilé ló ti ń gbé e mì. Irun tó wà lápá ibi tí ẹ̀rọ ń kọjú sí ló re, ìyókù wà níbẹ̀. Èébì ò pọ̀, torí wọ́n fún wa ní oògùn èébì tí yóò kọ́kọ́ lò kó tó gbé kápúsù mì. Àárẹ̀ ló bá a jà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn wọlé. Nígbà tó máa fi parí, á sùn lọ́sàn-án, á sùn lálẹ́, ara ò sì ní tíì yá. Ó tún pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ parí kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó: tẹ́ ẹ bá lóko kajú, ẹ má tà á lórí igi. Àwọn alágbàtà mọ̀ bí ẹ bá ní aláìsàn, wọn á dá iye tó wù wọ́n lé e, wọn á sì kó èso náà lẹ́yìn yín. Ẹ pe àwọn ọmọ ìlú yín tó wà ní Àbújá, kẹ́ ẹ sì yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù títí kajú á fi jáde. Ẹ tún bi wọ́n níbi iṣẹ́ rẹ̀ nípa ìníṣọ́ránsì ìlera, kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun tà.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò Tíṣà, ẹ kú àìsùn. Ẹ sọ fún Bàbá pé ìbẹ̀rù wọn nídìí, àmọ́ ohun tí dókítà ń sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n yín dánwò. Láti 2005 ló ti di ìtọ́jú tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé fún irú kókó yìí. Dókítà Roger Stupp àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù àti Kánádà pín aláìsàn 573 sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba rédíéṣọ̀n nìkan. Apá kejì gba rédíéṣọ̀n pẹ̀lú temozolomide lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bá kápúsù náà lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ parí. Àwọn tó gba méjèèjì ló pẹ́ láyé jù. Mi ò ní kọ iye oṣù rẹ̀ síbí àyàfi tẹ́ ẹ bá béèrè, torí aláìsàn lè máa ka ohun tí à ń kọ yìí.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é pọ̀: rédíéṣọ̀n ń já okùn DNA tó ń darí sẹ́ẹ̀lì kókó. Sẹ́ẹ̀lì yẹn ò sì káwọ́ gbera, ó ní ọ̀nà tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Temozolomide náà ń ba DNA yẹn jẹ́ láti ọ̀nà mìíràn, tí àtúnṣe á fi pọ̀ ju agbára sẹ́ẹ̀lì lọ. Ó dà bí ìgbà tí à ń wó ògiri, tí birikilà kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mọ ọ́n padà. Bí a bá wó o lónìí, tí a wá sinmi oṣù kan, orí ìdúró la óò bá a. Ìsinmi tí Bàbá ń bẹ̀bẹ̀ fún, birikilà ló máa jẹ ẹ́.

Ohun mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ kímò kì í ráyè wọ inú ọpọlọ. Ọpọlọ ní ààbò tí kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Temozolomide ń kọjá.

Nísinsìnyí, ohun tó lè pa ènìyàn nínú ìtọ́jú yìí, kì í ṣe èébì, kì í ṣe irun. Ẹ̀jẹ̀ ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ àti kápúsù bá ń lọ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà bí ọmọ ogun lè wálẹ̀, plétílẹ́ẹ̀tì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lè wálẹ̀. Tí plétílẹ́ẹ̀tì bá bọ́ sábẹ́ 100,000, dókítà sábà máa ń dá kápúsù dúró ná títí yóò fi gòkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ fò ó lọ́sẹ̀ yìí torí èrò pọ̀ ní láàbù. Ẹ lọ ṣe é níta, kẹ́ ẹ mú èsì wá.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín gan-an nìyí: ara gbígbóná. Nílé wa, bí ara bá ti gbóná, ibà ẹ̀fọn ni. A ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísìì, a ó bora sùn. Ẹni tó ń gba kímò kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Bí tẹ̀mọ́míítà bá ti sọ 38, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́, ilé ìwòsàn ni. Ibà lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bó bá jẹ́ pé kòkòrò ló wọ ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọmọ ogun mọ́, ilẹ̀ lè má mọ́ bá a. Ẹ ra tẹ̀mọ́míítà tiyín. Ẹ má fọwọ́ kan iwájú orí kẹ́ ẹ ní kò gbóná púpọ̀.

Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn ẹ̀dọ̀ B kí kápúsù àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu rẹ̀. Àrùn yẹn pọ̀ ní Nàìjíríà, ẹni tó ní in lè má mọ̀, temozolomide sì lè jí i dìde. Bí wọ́n bá fún un ní Septrin, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu: ààbò ni, nítorí irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń dọdẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Tí Septrin ò bá bá a lára mu láti ilé wá, kó tètè sọ.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ má bínú sí mi o. Èmi ò gbà pé gbogbo kókó orí ló ń fẹ́ kímò. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní in, wọ́n yọ ọ́, kò gbé kápúsù kankan mì, kò rí ẹ̀rọ kankan, ó ń tajà lọ́jà títí dòní. Ó lè jẹ́ owó ni wọ́n ń wá. Ẹ lọ gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ dókítà mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀

Ìyá Ìbejì, a dúpẹ́ fún tiwọn. Kí lorúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé èsì wọn?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà

Meningioma ni wọ́n kọ.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀

Ìyẹn ló fà á, mà. Awọ tó bo ọpọlọ ni meningioma ti ń hù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ráyè yọ ọ́ tán, ó lè parí síbẹ̀. Glioblastoma ń wọnú ọpọlọ fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń rìn kọjá ibi tí ojú dókítà lè rí nígbà iṣẹ́ abẹ. Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe lè kó o tán. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, orí ni wọ́n jọ ń gbé.

Àmọ́ ẹ tọ̀nà lórí dókítà kejì. Àbúrò Tíṣà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé èsì náà, kẹ́ ẹ sì béèrè búlọ́ọ̀kù àti slídì ẹran tí wọ́n yẹ̀ wò. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá gbé e lọ, wọ́n lè tún un wò. Kẹ́ ẹ má kàn fi oṣù méjì wá ìmọ̀ràn kejì o. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná.

Ọmọ Búnú

Mo kí yín o. Ọmọ bàbá mi kan ṣe é ní Ìbàdàn lọ́jọ́sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń sinmi Sátidé àti Sọ́ńdè, kápúsù náà máa ń sinmi kí ara lè gba afẹ́fẹ́. Bákan náà, bàbá kan wà lọ́nà oko wa tó ń po àgbo tí í fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa mu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòyìnbó, tòyìnbó á tètè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun mú un wá, kó sọ.

Apoògùn, Lọ́kọ́jà

Ọmọ Búnú, ire lẹ fẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí i kó tó di ohun tí ẹnì kan lò.

Kápúsù kì í sinmi lópin ọ̀sẹ̀ ní àkókò tí ẹ̀rọ ń lọ. Ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni rédíéṣọ̀n. Temozolomide, ojoojúmọ́ ni, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tó parí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpele kejì lẹ rí, èyí tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó fún ọjọ́ márùn-ún péré nínú ọjọ́ 28.

Ìwọ̀n rẹ̀: mg 75 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí awọ ara aláìsàn bá tẹ́. Gíga rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 1.8, mg 135 ni yóò bọ́ sí. Kápúsù ò sì sí ní 135. Mg 5, 20, 100, 140, 180 àti 250 ló wà, nítorí náà ẹ lè gba páálí mẹ́ta tí kò jọra. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Mo máa ń kọ ọ́ sára páálí fún àwọn tó ń rà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú bíírò dúdú: nínú èyí, ẹyọ kan, nínú èyí, ẹyọ kan, nínú kékeré yìí, ẹyọ mẹ́ta. Mo tún ń ní kí ẹni tó máa fún un ní oògùn kà á padà sí mi létí. Àwọn kan máa ń kó ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tó ń wú lè mú kí aláìsàn gbàgbé pé òun ti lò ó, kó tún un lò. Ẹ má fi sílẹ̀ fún un nìkan.

Inú òfo ni kó máa lò ó pẹ̀lú omi púpọ̀, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bó bá bì í, kó má tún òmíràn gbé mì lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣí kápúsù, ẹ má lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Bó bá já, ẹ má jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ kan awọ tàbí imú. Aboyún má fọwọ́ kàn án. Tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ṣì wà nínú ọmọ bíbí, ẹ jẹ́ kó bá dókítà sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí oògùn yìí lè ba àtọ̀ jẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ lóyún lásìkò yẹn.

Ọ̀rọ̀ àgbo: inú ẹ̀dọ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa lọ pàdé. Bí ẹ̀dọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ bóyá temozolomide ni, àgbo ni, tàbí oògùn gìrì. Dókítà á dá èyí tó mọ̀ dúró, ìyẹn sì ni kápúsù. Àgbo ni yóò jẹ́ kí ìtọ́jú já láàárín. Kò sí ìwà àfojúdi nínú kí ẹ sọ fún bàbá yẹn pé kó dúró ná.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Oògùn olówó iyebíye ni, ayédèrú ń bá irú rẹ̀ rìn. Èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà wà, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Kò burú bó bá ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o bọ̀ nínú bọ́ọ̀tì mọ́tò lábẹ́ oòrùn.

Olóko Kajú, Ìyàrá

Apoògùn, lórí àkókò, wákàtí kan kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ kọjú sí i ni wọ́n ní kí ìyàwó mi máa lò ó. Wọ́n ní ìgbà yẹn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí mo bá ní yàrá ìdúró sọ pé alẹ́ làwọn ń lò ó.

Apoògùn, Lọ́kọ́jà

Méjèèjì ló wà. Ilé ìwòsàn kan ń fẹ́ ẹ ṣáájú ẹ̀rọ, òmíràn ń ní kó jẹ́ àkókò oorun kí èébì má baà da aláìsàn láàmú. Èyí tí dókítà tiyín bá kọ ni kẹ́ ẹ dì mú. Kó má jẹ́ òwúrọ̀ lónìí, alẹ́ lọ́la.

Òṣìṣẹ́ Yàrá Ẹ̀rọ, Ìlọrin

Mo jẹ́ ọmọ Ìsánlú, inú yàrá rédíéṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín máa bá pàdé, torí ohun tí ènìyàn ò mọ̀ ló máa ń dẹ́rù bà á jù.

Máàskì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Ike pẹlẹbẹ kan ni, funfun, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n. Wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná, á rọ̀, wọ́n á fà á bo ojú rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀. Á lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú, kò ní jó o. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á gan, á sì mú ìrísí imú àti àgbọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Òun ni wọ́n á máa fi dè é mọ́ tábìlì lójoojúmọ́ kí orí rẹ̀ má baà yẹ̀. Ó ń mí dáadáa nínú rẹ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, ẹ máa rí ojú ihò àwọ̀n náà lára iwájú orí rẹ̀, á parẹ́. Ẹni tí àyè híhá máa ń bà lẹ́rù, kó sọ fún wa lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe máàskì, kó má dúró di ọjọ́ ìtọ́jú. À ń gé ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn bí dókítà bá gbà.

Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ò gba àsìkò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kò ní gbóná sí i lára, kò ní ta á. Apapọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ Gray 60 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), tí wọ́n pín sí ọgbọ̀n ìgbà, ìyẹn Gray 2 lóòjọ́. Bó bá jáde, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Mo ti rí ilé tí wọ́n ya àwo àti ife sọ́tọ̀ fún aláìsàn torí ẹ̀rọ yìí, ó sì dùn mí wọra.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Apoògùn. Nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ lè bàjẹ́, iná lè lọ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má kàn máa gbé kápúsù mì lọ lọ́nà tiyín, ẹ má sì dá a dúró lọ́nà tiyín. Ẹ wá dókítà jẹjẹrẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe. Kẹ́ ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn tó jókòó síta bóyá ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òótọ́ ni wọ́n máa sọ fún yín. Ilé Ìwòsàn Àpapọ̀ Àbújá ní ẹ̀rọ, UCH Ìbàdàn ní, LUTH ní Èkó náà ní, níbi tí wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tuntun ní 2019.

Àkọ́bí Màmá, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Màmá mi ṣe é lẹ́ni ọdún 72. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tiwọn, Gray 40, ìgbà 15, pẹ̀lú kápúsù. Dókítà ní ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, pé ẹ̀rọ kúkúrú yẹn pẹ̀lú temozolomide sàn fún wọn ju ẹ̀rọ kúkúrú nìkan lọ. Nítorí náà bí ẹlòmíràn bá ń ka èyí torí òbí rẹ̀ tó ti dàgbà, ẹ béèrè. Ẹ má rò pé ti ẹni ọdún 46 ni gbogbo ènìyàn máa gbà.

Màmá ti lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìtọ́jú náà wọ́n padà sílé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ láìṣì í, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pín ilẹ̀ ìdí ilé wa. Àbúrò mi sọ pé ká ní a mọ̀, a ò bá má dà wọ́n láàmú lọ sí Ìbàdàn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. A ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀ dòní, a sì jọ tọ́jú wọn ni.

Àbúrò Tíṣà, ẹ̀gbọ́n yín ní òun fẹ́ gbọ́. Ẹ sọ fún un. Kó lè sọ ohun tó fẹ́ nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì yọ̀.

Àbúrò Tíṣà, Kábà

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá létí lánàá, wọ́n ní kí n béèrè mẹ́ta sí i.

Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ iye oṣù náà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n béèrè rẹ̀, ó jókòó tì mí báyìí.

Nínú ìwé èsì, wọ́n kọ MGMT, wọ́n wá kọ pé wọn ò ṣe é. Kí nìyẹn?

Ẹ̀kẹta, dexamethasone tí wọ́n fún un: kì í sùn lóru, ó ń jẹun bí ẹni pé kò jẹun rí, ojú rẹ̀ ti wú. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó dá a dúró.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kí i fún mi. Ẹ̀gbọ́n, mo kọ ọ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́.

Nínú ìwádìí 2005 yẹn, ìdajì àwọn tó gba rédíéṣọ̀n nìkan ló kọjá oṣù 12.1. Nínú àwọn tó gba méjèèjì, ìdajì kọjá oṣù 14.6. Bí ọdún méjì ṣe pé, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba rédíéṣọ̀n nìkan, bíi 10 ló kù láyé. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba méjèèjì, bíi 26. Nígbà tí wọ́n tún ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bíi 2 àti bíi 10 ni. Kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àfikún oṣù níwájú kéré lójú, ẹ̀yìn ọ̀hún ni ìyàtọ̀ ti pọ̀. Ẹni tó ṣì lágbára, tí wọ́n yọ púpọ̀ nínú kókó rẹ̀, tó kéré lọ́jọ́ orí, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni ìrètí ti gbòòrò jù. Ẹ ò tíì pé 50. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí tiyín máa bọ́ sí.

MGMT ni ọ̀kan nínú àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún ohun tí temozolomide bàjẹ́ ṣe. Nínú kókó àwọn kan, MGMT yìí ti kú, nínú ti àwọn mìíràn ó ń ṣiṣẹ́. Níbi tó bá ti kú, kápúsù máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní irinṣẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì yẹ kó bà yín. Ní ọjọ́ orí yín, wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn ní méjèèjì bó ti wù kí èsì yẹn rí.

Ìyàwó wa, ẹ má dá dexamethasone dúró lójijì, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló ń mú kí ọpọlọ má wú. Bí wọ́n bá sì ti lò ó pẹ́, ara á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè dákú. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lónìí ni kẹ́ ẹ bi í bóyá ẹ lè lò ó láàárọ̀ àti ní ọ̀sán, kó má jẹ́ alẹ́. Oorun á padà. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, torí ó máa ń gbé e sókè, àgàgà bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà nínú ẹbí. Ẹ béèrè oògùn tó ń dáàbò bo inú.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, Olúwa á wò yín sàn. Mo ti kọ orúkọ ìdílé yín sí ìwé àdúrà ẹgbẹ́ obìnrin wa. Bí ẹnikẹ́ni bá dé tó ní kẹ́ ẹ ju oògùn nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn, ẹ má dá a lóhùn. Àdúrà ò bá kápúsù jà.

Olóko Kajú, Ìyàrá

Àmín o. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un kí n tó lọ sóko.

Ìkíní ni MRI tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá parí. Ti ìyàwó mi jáde, wọ́n ní ó dà bíi pé kókó ti tóbi sí i. Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Dókítà ní ká má tíì sọ̀rọ̀, pé wíwú tí rédíéṣọ̀n àti kápúsù fà lè jọ kókó tó dàgbà nínú fọ́tò, àgàgà ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Wọ́n bá kápúsù lọ, wọ́n tún un yà, ó ti kéré sí i. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi fọ́tò kan ṣoṣo dá ìtọ́jú dúró láìjẹ́ pé àìsàn ń le sí i lóòótọ́.

Ìkejì ni gìrì. Kó má gun ọ̀kadà, kó má gun igi kajú tàbí àkàbà, kó má dá nìkan wẹ̀ lódò, kó má dá dúró nídìí iná. Bí levetiracetam, oògùn gìrì, ni wọ́n fún un, kó má fo ẹyọ kan, àní lọ́jọ́ tó bá ń rìnrìn àjò. Ìrìn àjò yìí, ẹ má bá òru dé ọ̀nà Ọbàjáná. Ẹ kúrò ní gáréèjì ní ìdájí kẹ́ ẹ lè wọ Àbújá lójúmọmọ, kẹ́ ẹ sì wá yàrá síbi tó sún mọ́ ilé ìwòsàn. Àwa tí a kọ́kọ́ dé sí Lugbe, gó-siló ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ló ń jẹ agbára tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú.

Òṣìṣẹ́ Yàrá Ẹ̀rọ, Ìlọrin

Àfikún díẹ̀ lórí owó: àwọn sóṣà wọ́kà wà ní ilé ìwòsàn ńlá gbogbo. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí owó bá tán. Owó ìrànwọ́ jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, ti ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ti ọpọlọ ti wọ inú rẹ̀ báyìí, tàbí bóyá ọ̀nà mìíràn wà.

Apoògùn, Lọ́kọ́jà

Bó bá parí ẹ̀rọ, tó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ilé ní Kábà ló ti lè máa lo ìyókù. Mg 150 fún mítà onígun mẹ́rin ni oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ márùn-ún, kó sinmi 23. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dára, wọ́n á gbé e lọ sí 200 láti oṣù kejì, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọjọ́ 22 ti oṣù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Láàbù tó wà ní Kábà lè ṣe èyí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ gun mọ́tò dé Àbújá nítorí ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò èsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ dúró kó dáhùn kí kápúsù tó wọ ẹnu. Ẹ mọ̀ pé ìwọ̀n tuntun yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà páálí tó ṣẹ́kù láti ìgbà ẹ̀rọ, ẹ kó o wá fún mi kí n tún un kọ.